Ṣé kí n bẹ àbúrò ọkọ mi kó má fowó ránṣẹ́ mọ́?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti abúlé kan nítòsí Mopa. Ó ní: "Okun o, màmá. Ó ti lé lọ́dún méjì tí bàbá àwọn ọmọ mi kò ti lọ sóko mọ́. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà ló ń fi 80,000 náírà ránṣẹ́ sí i ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Èmi ń yan gàrí. Owó gàrí la fi ń ra ọṣẹ àti ìwé àwọn ọmọ, owó àbúrò la fi ń jẹun. Bí oṣù bá ti ń lọ sópin, ọkọ mi kì í gbádùn, fóònù ni yóò máa wò bóyá álàátì ti wọlé. Ọmọ wa ọkùnrin tó parí girama lọ́dún tó kọjá kò fẹ́ kọ́ṣẹ́, ó ní bàbá kékeré máa mú òun lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí àbúrò náà pè kẹ́yìn, inú bí i, ó ní a ti ń ṣe bí àwọn tó ń jẹ owó ìjọba lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún tí wọn kì í fẹ́ ṣiṣẹ́. Ìyá ọkọ mi ní kí n panu mọ́, pé Ọlọ́run ló rán olùrànlọ́wọ́ sí wa. Ṣé kí n bẹ àbúrò yìí kó dáwọ́ owó dúró, kí ọkọ mi lè padà sóko?"

Ìyá, okun o. Ẹ kú ìfaradà. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, kì í ṣe owó gan-an ló ń dùn yín. Ọkùnrin tí ẹ mọ̀ sí òṣìṣẹ́ ló jókòó sílé, ọmọ sì ń wò ó, ẹ̀rù sì ń bà yín pé bí ọmọ náà yóò ṣe dàgbà nìyẹn. Ẹ kò jẹ̀bi rárá. Iṣẹ́ ìtọ́jú ará ìlú ni mo ṣe ní ìjọba ìbílẹ̀ lágbègbè wa yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì, irú ẹjọ́ yìí kò sì ṣàjèjì sí mi. Nígbà mìíràn owó ìfẹ̀yìntì ìyá ni gbogbo ilé ń jẹ, nígbà mìíràn owó ọmọ tó wà ní Àbújá. Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ má ṣe ní kí àbúrò dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n bí owó náà ṣe ń wọlé báyìí kò dára, ó sì yẹ kó yí padà kó tó pẹ́ jù fún ọmọ yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà tí ọkọ yín kékeré sọ, nítorí òun ló dá ìbínú sílẹ̀. Láti 1935 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń fún àwọn ìdílé tálákà tó lọ́mọ lówó lóṣooṣù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ìyá tó ń dá tọ́mọ. Àléébù ètò náà ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ìyá náà bá rí iṣẹ́, wọ́n máa ń yọ ohun tó pa lára owó ìrànwọ́, débi pé ẹni tó ṣiṣẹ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sàn ju ẹni tó jókòó lọ. Ní 1996, Bill Clinton fọwọ́ sí òfin tuntun: àgbàlagbà kò gbọdọ̀ gba owó ìjọba àpapọ̀ yìí ju oṣù 60 lọ láyé rẹ̀, ẹni tó ń gbà á sì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ tàbí kó máa múra iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìyá ló wọ ẹnu iṣẹ́ lẹ́yìn òfin yẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ nílùú nígbà náà, ètò mìíràn tó ti wà láti 1975 sì ń fi owó kún owó àwọn òṣìṣẹ́ tówó oṣù wọn kéré, pàápàá àwọn tó lọ́mọ. Àwọn tí àìsàn tàbí ọmọ aláìlera dè mọ́lé kò ríṣẹ́, owó ìrànwọ́ sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, kì í ṣe pé wọ́n fún èèyàn lówó ló ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ètò náà ń fìyà jẹ ẹni tó bá gbìyànjú.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn wo ilé tiyín. Bí ọkọ yín bá ta iṣu ní 50,000 lọ́la, ṣé ẹ máa sọ fún àbúrò? Mo mọ àwọn ìdílé tó ń kórè tí wọn kì í jẹ́ kí ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ mọ̀, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé yóò ní "ẹ ti ń rí nǹkan ṣe" kó sì dín owó kù. Bẹ́ẹ̀, ìdílé tó bá ń fi iṣẹ́ pa mọ́ kò ní pẹ́ tí kò fi ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí mo máa padà sí i nígbà tí mo bá ń sọ ohun tí ẹ máa bá àbúrò jọ dá májẹ̀mú lé.

Èrò pé ẹni tó bá ń gba owó ọ̀fẹ́ yóò ya ọ̀lẹ gbajúmọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n àwọn tó wádìí rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tálákà kò rí i bẹ́ẹ̀. Abhijit Banerjee, tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2019, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àyẹ̀wò kan jáde ní 2017 lórí ètò owó ìrànwọ́ ìjọba ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà. Wọn kò rí ẹ̀rí pé àwọn èèyàn fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó náà. Nílé wa níbí, ìjọba àpapọ̀ san 5,000 náírà lóṣù fún àwọn ìdílé kan, ó san 30,000 lóṣù fún àwọn ọ̀dọ́ inú ètò iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní N-Power láti 2016, ó sì kéde ní 2023 pé òun yóò fún ìdílé mílíọ̀nù 15 ní 25,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta. Èmi kò rí àgbẹ̀ kan tó jù ọkọ́ sílẹ̀ nítorí 5,000. Ohun tí mo rí tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni ìdúró. Ẹni tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ yóò máa wọ ọ̀kadà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ láti béèrè bóyá owó ti dé, yóò fi ọjọ́ ọ̀gbìn jókòó sábẹ́ igi níbẹ̀, kò sì ní rí nǹkan kan mú bọ̀. Ọkọ yín náà ń dúró, fóònù ni ọ́fíìsì tirẹ̀.

Kí ló wá gbé e jókòó? Ẹ sọ pé ó lé lọ́dún méjì, ẹ kò sì sọ bóyá owó ló kọ́kọ́ dé tàbí igbó ló kọ́kọ́ di ẹ̀rù. Ẹ bi í. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà Kabba sí Mopa, sí Isanlu, títí dé Egbe. Wọ́n ń jí arìnrìn-àjò gbé lójú títì, wọ́n sì ń jí àgbẹ̀ gbé nínú oko rẹ̀. Ọkùnrin tí oko rẹ̀ jìnnà sílé, tó gbọ́ pé wọ́n gbé ẹnìkan ní oko tó bá tirẹ̀ pààlà, kò ní sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun. Yóò ní ẹ̀yìn ń dun òun. Yóò ní òjò kò tíì rọ̀ dáadáa. Owó àbúrò á wá fún un láyè láti má ṣe sọ òtítọ́. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹ sì ní kí àbúrò dá owó dúró, ebi ni ẹ fi ń lé e lọ sínú ewu yẹn.

Ìṣírò náà tún wà níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, dọ́là kan ń lọ ní bíi 460 náírà ní báńkì. Nígbà tó fi di 2024, ó ti kọjá 1,400. Dọ́là 55 tí ì bá di nǹkan bí 25,000 náírà nígbà yẹn ti ń súnmọ́ 80,000. Ó ṣeé ṣe kí ọkọ yín kékeré má ti fi dọ́là kan kún un, kó jẹ́ náírà ló wó, tí owó rẹ̀ fi wá pọ̀ lójú yín. Láàárín àkókò kan náà, epo bẹntiróòlù wọ́n, ajílẹ̀ wọ́n, owó ọ̀kadà tó ń gbé iṣu jáde láti oko wọ́n, owó lébìrà wọ́n. Ẹ tún wò ó: owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin 2024 là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà ni 70,000. Èyí tí ọkọ yín ń gbà lórí àga ju ìyẹn lọ. Bó bá jókòó tó ṣírò rẹ̀, tó rí i pé oko fẹ́ kí òun ná ohun tí òun kò ní kí òun tó rí ohun tí kò dájú, kì í ṣe òmùgọ̀, ìyá, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tí kò kà mọ́ ìṣírò rẹ̀ ni pé owó náà wà lọ́wọ́ ẹni kan ṣoṣo, nílẹ̀ tó jìnnà. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni yẹn, tàbí ọmọ tirẹ̀ wọ yunifásítì, tàbí dọ́là wálẹ̀, oṣù kan ni gbogbo rẹ̀ máa dópin.

Ohun kẹta kò ṣeé ṣírò. Ẹ̀gbọ́n ni ọkọ yín. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀gbọ́n ló ń fún àbúrò, òun ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn bí mọ̀lẹ́bí bá pé. Ní báyìí àbúrò ló ń bọ́ ọ, àbúrò náà ló sì ń bínú sí i lórí fóònù létí ìyàwó àti ọmọ. Mo ti wọ ilé àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Rédíò á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n á kí mi tọ̀yàyà tọ̀yàyà, ṣùgbọ́n bí mo bá béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́dún yìí, ojú ìyàwó ni wọ́n á wò kí wọ́n tó dáhùn. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò pàdánù owó nìkan, ohùn rẹ̀ nínú ilé náà ń lọ sílẹ̀. Ìdí tí mo fi ka iṣẹ́ sí nìyẹn, kódà nígbà tí owó ọ̀fẹ́ bá ju owó iṣẹ́ lọ. Bí ẹ bá fi ìbínú bá a sọ̀rọ̀, ẹ ó fi kún ohun tó ń pa á.

Ní ti ìyá ọkọ yín, òtítọ́ ló sọ pé olùrànlọ́wọ́ ni ọmọ rẹ̀. Ẹ má ṣe bá a jiyàn. Àmọ́ àwọn bàbá wa kò fi ìrànlọ́wọ́ sílẹ̀ láìní ìdè. Bí wọ́n bá bá ọ ṣe àáró lónìí, oko tiwọn ni ìwọ náà máa wà lọ́la. Ẹni tó bá pe ọ̀wẹ̀ yóò se oúnjẹ, yóò sì jáde bí ẹlòmíràn bá pe tirẹ̀. Aláìsàn àti arúgbó nìkan ni kì í san án padà, kò sì sẹ́ni tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yín ló kán jù. Ẹni tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì sọ òfin Amẹ́ríkà fún un bó ṣe rí. Kò sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni lè gbà bẹ̀bẹ̀ ìwé ìgbélùú fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mọ̀lẹ́bí. Bí àbúrò bá ti di ọmọ orílẹ̀-èdè ibẹ̀, ó lè bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn ọkọ yín, ṣùgbọ́n ìlà yẹn gùn ju ọdún mẹ́wàá lọ dáadáa, ọmọ tó bá sì ti pé 21 kí ó tó kàn wọ́n sábà máa ń já bọ́ nínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti yọ Nàìjíríà kúrò nínú lọ́tìrì físà. Ọ̀nà ilé ìwé gba owó ńlá àti èsì ìdánwò tó dán, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026 ni ìjọba ibẹ̀ sì ti dá fífún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ní físà akẹ́kọ̀ọ́ dúró. Nítorí náà "bàbá kékeré máa mú mi lọ" kì í ṣe ètò. Kódà bí ọ̀nà bá là, ọmọ tó mọ iṣẹ́ iná mànàmáná, wẹ́dà, tàbí táìlì ni yóò tètè rí jẹ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bàbá kékeré fúnra rẹ̀ sọ èyí fún un lórí fóònù. Lẹ́nu rẹ̀ ni yóò ti wọ̀ ọ́ létí.

Ní ti owó, ohun tí èmi yóò ṣe bí mo bá wà ní ipò yín ni pé kí 80,000 yẹn má ṣe jẹ́ oúnjẹ lásán mọ́. Kí nǹkan bí ìdajì rẹ̀ máa jẹ́ owó oúnjẹ. Kí apá kan máa lọ tààrà sọ́wọ́ ọ̀gá tí ọmọ máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kó má gba ọwọ́ ọmọ, kó má gba ọwọ́ bàbá. Kí èyí tó kù wọ inú àjọ tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ títí yóò fi tó owó iṣẹ́. Kí ẹ sì jọ fẹnu kò sí ìgbà tí owó oúnjẹ náà máa dín kù, ọdún kan ààbọ̀, tàbí ọdún méjì, kí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n. Àdéhùn tí kò gbọdọ̀ yẹ̀ ni èyí: títí ọjọ́ yẹn, bí ọkọ yín bá pa owó, àbúrò kò ní yọ ọ́. Ohun tó bá pa, tirẹ̀ ni, lórí owó àbúrò. Nígbà náà ni kò ní sí ìdí láti fi iṣẹ́ pa mọ́. Àwọn kan á ní kí àbúrò kúkú san ti oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi dá òwò sílẹ̀. Àwọn olùṣèwádìí wo irú èyí ní Kenya: àwọn tó gba owó lóṣooṣù jẹun dáadáa, àwọn tó gba á lẹ́ẹ̀kan ra nǹkan tó ń pẹ́, bíi páànù ilé. Èyí kò burú, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì, owó ńlá lẹ́ẹ̀kan máa ń bà mí lẹ́rù. Èmi fara mọ́ díẹ̀díẹ̀.

Iṣẹ́ wo wá ni? Kì í ṣe oko ọ̀nà jíjìn yẹn dandan. Ẹ wo ẹ̀yìnkùlé yín. Ẹ̀yin ń yan gàrí, ẹ ń ra ẹ̀gẹ́, ẹ ń sanwó fún ẹni tó ń rin ín, ẹ ń sanwó fún ẹni tó ń gbé e. Ẹ kọ gbogbo owó tó ń ti ọwọ́ yín jáde yẹn sílẹ̀ fún oṣù kan, ó lè yà yín lẹ́nu bó ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́, tí ọkọ yín bá gbé síwájú ilé, yóò dá owó yẹn padà sílé, àwọn ìyá àdúgbò náà yóò sì máa gbé tiwọn wá. Ẹ tún wo kajú, nítorí òun gan-an ni mo rò pé ó bá ọkọ yín mu jù. Láti nǹkan bí oṣù kejì sí ìkarùn-ún ọdún ni wọ́n ń ṣà á, igi rẹ̀ sì wà káàkiri ilé lágbègbè wa. Ẹni tí ebi ń pa yóò yọ ọmọ kajú lára èso lónìí, yóò rọ ọ́ sápò ní tútù, yóò sì tà á fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá mú ìwọ̀n dé, ní iyekíye tó bá pè é. Kajú tútù máa ń làágùn nínú àpò, ó ń dúdú, bí oníbàárà bá fi ọ̀bẹ la ọ̀kan tó sì rí àwọ̀ yẹn, owó ti já nìyẹn. Ẹni tó bá sá a sórí tapólì fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, tó ń kó o wọlé nírọ̀lẹ́ kí ìrì má sẹ̀ sí i, títí yóò fi máa ró kótókótó bó bá gbọ̀n ọ́n, òun ló lè sọ pé owó yìí ni mo fẹ́. Ohun tí kì í jẹ́ kí àwọn èèyàn wa lè dúró ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni àìsí oúnjẹ nílé. Ẹ̀yin ní oúnjẹ nílé, àbúrò ti rà á. Ọkọ yín lè ra ti àwọn aládùúgbò, kó sá a, kó kó o jọ, kó sì dúró de owó tó dára. Iṣẹ́ àgbàlagbà ni, ó gba ojú, ó gba òótọ́ inú, kò sì gbé e wọ igbó.

Bó bá sì ń wù ú láti padà sóko gan-an, kó má dá lọ. Kí àwọn ọkùnrin tí oko wọn wà lọ́nà kan náà tún àáró dá sílẹ̀, kí wọ́n jọ lọ, kí wọ́n jọ bọ̀, pẹ̀lú ọdẹ ìlú. Ìyẹn kò mú ewu kúrò. Ìdílé kan kò lè fi ọgbọ́n ilé yanjú ọ̀rọ̀ ààbò, iṣẹ́ ìjọba ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bú ọkọ yín pé kò fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu.

Ibi tí lẹ́tà kò lè mú mi dé ni ara rẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó fún ọdún méjì lè ní ìpá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ru, ojú rẹ̀ lè máa ṣókùnkùn, ìbànújẹ́ ọkàn sì lè dè é mọ́lẹ̀ bí àìsàn èyíkéyìí. Ṣé ó ń sùn lóru? Ṣé ó ń jẹun? Ṣé ọtí ti wọ̀ ọ́? Kí ẹ tó bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò. Ilé ìwòsàn ECWA tó wà ní Egbe kò jìnnà sí yín jù. Bí wọ́n bá rí àìsàn kan, gbogbo ohun tí mo sọ lókè yìí ní láti dúró ná, owó àbúrò yóò sì di owó ìtọ́jú láìsí ìtìjú kankan.

Bí ara rẹ̀ bá le, ẹ má ṣe pe àbúrò lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá gbọ́ pé ẹ ti kọ́kọ́ bá àbúrò òun sọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, ní alẹ́, tí àwọn ọmọ ti sùn, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ yín ọkùnrin, kì í ṣe láti orí jíjókòó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ yàn láàárín ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ àti kajú, tàbí kó mú òmíràn wá. Lẹ́yìn náà kí òun fúnra rẹ̀ pe àbúrò, kó sì sọ ètò náà fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n. Bí àbúrò bá ní òun kò lè ṣèlérí ọdún méjì, ẹ bi í pé èló ni, títí di ìgbà wo, kí ẹ sì fi èyí tó bá sọ ṣètò. Bí ọkọ yín bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ fi ti ọmọ ṣáájú: owó ọ̀gá iṣẹ́ kò ju ohun tí àbúrò lè yọ sọ́tọ̀ lọ, ọkọ yín kò sì ní láti dìde kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀.